Ìdánwò Àṣewọlé ní Jàpáànì: Àwọn Ìbéèrè Táwọn Èèyàn Máa Ń Béèrè àti Ìdáhùn Wọn

Gbogbo ayé ló ti gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ Jàpáànì ń kàwé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ohun tí kì í hàn sí ará ìta ni pé ìwé kíkà gan-an kọ́ ló ń dá wọn lágara jù. Ìṣirò máàkì àti kàlẹ́ńdà ni: ìpinnu ńláńlá mẹ́rin tàbí márùn-ún á dé lẹ́ẹ̀kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, èyí tó bá sì ti kọjá ti kọjá nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ìdáhùn wa fi gùn jù níbi tí ìṣirò àti ọjọ́ bá ti wọ̀ ọ́.

Ìdánwò mélòó ni ọmọ Jàpáànì ń ṣe kó tó dé yunifásítì?

Méjì ló ká wọn lára jù. Ọdún mẹ́fà ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún mẹ́ta ni girama kékeré, ọdún mẹ́ta ni girama àgbà, oṣù kẹrin sì ni wọ́n ń wọ kíláàsì tuntun. Ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ nìkan ni òfin fi dandan lé. Nítorí náà, ọmọ tó bá ti pé ọdún 15 gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò kó tó rí girama àgbà wọ̀, bẹ́ẹ̀ ó lé ní 98 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tó ń lọ. Ìkejì ni ti yunifásítì, ní ọmọ ọdún 18. Ní Tokyo àtàwọn ìlú ńlá mìíràn, àwọn òbí tápá wọn ká a tún máa ń fi ti ọmọ ọdún 12 kún un, ìyẹn ìdánwò girama kékeré aládàáni. Ọ̀rọ̀ ìyẹn tó kọ sójú ìwé tirẹ̀, a ò ní wọ inú rẹ̀ níbí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ka máàkì fún àtiwọ girama àgbà?

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ilé ìwé ìjọba Tokyo. Ẹgbẹ̀rún kan máàkì ló wà nílẹ̀: 700 láti inú ìdánwò oṣù kejì, 300 láti inú àbájáde ilé ìwé tí ọmọ ti ń gbà bọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní naishin. Ẹ̀kọ́ márùn-ún ló wà nínú ìdánwò náà, ìyẹn èdè Jàpáànì, ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ. Ìṣẹ́jú 50 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, 100 máàkì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á wá sọ 500 yẹn di 700. Láti ìgbà ìwọlé ọdún 2023, wọ́n ti fi 20 máàkì kún un fún ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì sísọ tí wọ́n ń ṣe ní oṣù kọkànlá.

Inú naishin ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án ni olùkọ́ ń fún ní 1 sí 5. Márùn-ún tó wà nínú ìdánwò ń wọlé bó ṣe wà, 25 ni gbogbo rẹ̀. Mẹ́rin yòókù, ìyẹn orin, iṣẹ́ ọnà, eré ìdárayá, àti iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú ìtọ́jú ilé, ni wọ́n ń sọ di ìlọ́po méjì, 40 ni tiwọn. Àpapọ̀ 65, wọ́n á sọ ọ́ di 300. Ẹ ṣírò ó wò: ọmọ tó gbé ìṣirò láti 3 sí 4 jèrè nǹkan bíi máàkì 4.6 nínú ẹgbẹ̀rún. Èyí tó gbé orin láti 3 sí 4 jèrè 9.2, èyí tó tó máàkì mẹ́fà sí méje nínú ìwé ìdánwò gan-an. Síbẹ̀, ẹ ó rí ọmọ tó ń fi àsìkò ẹ̀kọ́ ìrànṣọ ṣe iṣẹ́ ìṣirò lábẹ́ tábìlì, tí kò fi ṣọ́ọ̀tì tó yẹ kó rán jíṣẹ́. Owó ló ń dà nù yẹn.

Máàkì sáà kejì kíláàsì kẹta, tó ń parí ní oṣù kejìlá, ni Tokyo ń lò. Ẹni tó bá jí lójú oorun ní oṣù kìíní, apá tó lè tún ṣe kò ju ìdánwò lọ mọ́.

Kí ni hensachi tí gbogbo wọn ń sọ ṣáá?

Nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí ọmọ wà láàárín àwọn tó jọ ṣe ìdánwò ni. Ẹ yọ ìpíndọ́gba gbogbo máàkì kúrò nínú máàkì ọmọ, ẹ fi bí máàkì àwọn ọmọ ṣe fọ́n ká sí pín in, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, kẹ́ ẹ fi 50 kún un.

Àpẹẹrẹ: ọmọ gba 75 nínú ìṣirò, ìpíndọ́gba jẹ́ 60, ìfọ́nká jẹ́ 15. Hensachi rẹ̀ jẹ́ 60. Ó wá gba 60 péré nínú Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba ibẹ̀ jẹ́ 40, ìfọ́nká jẹ́ 10. Hensachi rẹ̀ jẹ́ 70. Gẹ̀ẹ́sì tí ìyá rẹ̀ fi ń bínú sí i ló ṣe dáadáa jù! Bí máàkì bá fọ́n ká bó ṣe sábà máa ń rí, nǹkan bí ọmọ 16 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń dé 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bíi méjì ló ń dé 70.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan. Àwọn tó jọ jókòó ṣe ìdánwò ni hensachi fi ń wọn ọmọ. Nínú àdánrawò girama kékeré, bíi gbogbo ọmọ ló wà níbẹ̀. Nínú ti yunifásítì, àwọn tó fẹ́ lọ yunifásítì nìkan ló ń ṣe é. Ọmọ tó ní 60 tẹ́lẹ̀ lè já sí 50 láìṣe pé ó rẹ̀yìn. Àwọn tí kò kàwé tó o ló ti kúrò nínú òǹkà. A ti rí òbí tó tìtorí èyí pààrọ̀ ilé lẹ́sìn, ìyẹn ibi tí ọmọ ti ń gba àfikún ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ilé ìwé, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan.

Báwo ni ìdánwò yunifásítì ṣe ń lọ?

Ìpele méjì ni fún yunifásítì ìjọba. Ìkíní ni ìdánwò àjùmọ̀ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè, Kyōtsū Tesuto, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021 ní ipò ìdánwò kan tí wọ́n ti ń ṣe láti 1990. Sátidé àti Sọ́ńdè kan ní àárín oṣù kìíní ni, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ló sì ń forúkọ sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kí èèyàn mú ìdáhùn kó sì fi pẹ́ńsù kun òbìrí, bíi ti JAMB ayé àtijọ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Láti 2025, wọ́n fi ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti ìròyìn kún un, nítorí náà ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ń béèrè di 1,000 máàkì: èdè Jàpáànì 200, Gẹ̀ẹ́sì 200, ìṣirò 200, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ 300, kọ̀ǹpútà 100.

Ìpele kejì ni ti yunifásítì fúnra rẹ̀, láti ọjọ́ 25 oṣù kejì. Èyí kì í ṣe kíkun òbìrí. Èèyàn ń kọ ọ́ jáde ni. Ní Yunifásítì Tokyo, wọ́n ń fún gbogbo máàkì ìpele kìíní pọ̀ di 110 péré, ìpele kejì sì jẹ́ 440. Ìṣirò àwọn onísáyẹ́ǹsì níbẹ̀ jẹ́ ìbéèrè mẹ́fà fún ìṣẹ́jú 150. Ẹni tó fi gbogbo ọdún kun òbìrí tí kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ẹ̀rí ìṣirò láti òkè dé ìsàlẹ̀ yóò bá a níbẹ̀.

Wọ́n ní àwọn ọmọ ló ń máàkì ìwé ara wọn. Òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ibí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ omijé oṣù kìíní ti ń wá. Wọn ò kì í fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì ìpele kìíní kó tó yan yunifásítì. Àfi kó mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Bó ṣe ń lọ nìyí:

Bí ó ti ń kun ìwé ìdáhùn, ó ń kọ ohun tó mú sínú ìwé ìbéèrè, tó jẹ́ tirẹ̀ láti gbé lọ sílé. Ìdáhùn tó tọ̀nà á ti jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní Mọ́ńdè, gbogbo kíláàsì kẹta á jókòó sílé ìwé pẹ̀lú pẹ́ńsù pupa, wọ́n á ka máàkì wọn, ilé ìwé á kó o ránṣẹ́ sáwọn iléeṣẹ́ lẹ́sìn ńlá bíi Kawaijuku tàbí Sundai. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, èsì á padà wá: ìwọ̀n báyìí làwọn tó fẹ́ yunifásítì yìí gbà, ààlà wà níbí, ìwọ sì wà ní A, B, C, D tàbí E (A ni ìrètí ti pọ̀ jù, E ló ti kéré jù). Lẹ́yìn náà, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí fọ́ọ̀mù ìpele kejì tó tì.

Fọ́ọ̀mù yẹn kò ní àtúnṣe. Yunifásítì kan ni èèyàn lè mú fún ọjọ́ 25 oṣù kejì, àti ọ̀kan fún ìgbà ìkẹyìn tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta. Èsì ìkíní ń jáde títí di nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù kẹta, ẹni tó bá sì wọlé tó sanwó ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìkejì.

Kí ló máa ń bàjẹ́? Ẹ̀ẹ̀kínní, kíkùn tó yẹ̀ láìnì kan. Ọmọ fo ìbéèrè 14, ó gbàgbé láti fo òbìrí 14, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e sì sún sókè. Nínú ìwé ìbéèrè tó gbé lọ sílé, ó tọ́. Nínú èyí tí ẹ̀rọ ń kà, kò tọ́. Á yan yunifásítì tó ju máàkì rẹ̀ lọ, kò sì ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kó máa dúró lẹ́yìn ìbéèrè márùn-ún márùn-ún, kó fi ìka kan nọ́ńbà ìbéèrè, kó fi èkejì kan nọ́ńbà òbìrí. Ẹ̀ẹ̀kejì, nínú sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ, ọmọ ní láti kun àpótí tó ń sọ ẹ̀kọ́ tó ń dáhùn. Bó bá gbàgbé é, tàbí ó kun méjì, òdo ni, bó ti wù kí ìdáhùn rẹ̀ dára tó. Ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn tí àkókò fún lọ́rùn kì í kọ ìdáhùn sínú ìwé ìbéèrè rárá, wọ́n á wá máa fi orí rántí. Ìwọ̀n àṣìṣe 30 máàkì kì í ṣòro níbẹ̀, máàkì 30 sì tó láti gbé ọmọ láti B bọ́ sí D.

Èló ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ?

Ìpele kìíní jẹ́ yẹ́ǹì 18,000 fún ẹni tó bá mú ẹ̀kọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìdánwò 2025. Ìpele kejì ní yunifásítì ìjọba jẹ́ 17,000. Àwọn aládàáni sábà máa ń gba nǹkan bí 35,000 fún ìdánwò kan, ọmọ tó bá sì mú márùn-ún ti ná 175,000 kó tó wọ ọkọ̀ tàbí sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì.

Èyí tó ń dun òbí jù ni owó ìwọlé. Èsì àwọn aládàáni ń jáde ní oṣù kejì, wọ́n sì ń fẹ́ owó ìwọlé, tó sábà máa ń wà láàárín 200,000 sí 300,000, kí èsì ti ìjọba tó jáde. Òbí á san án kí ọmọ má bàa jókòó sílé; bí ọmọ bá wá wọ ti ìjọba, owó yẹn ti lọ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Jàpáànì dájọ́ ní oṣù kọkànlá 2006 pé owó ilé ìwé tí wọ́n san sílẹ̀ gbọ́dọ̀ padà bí ọmọ bá yọwọ́ kí oṣù kẹta tó parí, ṣùgbọ́n owó ìwọlé kò ní padà. Ẹ kọ ọjọ́ ìsanwó ilé ìwé kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ èsì èyí tó tẹ̀ lé e kẹ́ ẹ tó ra fọ́ọ̀mù. Ọmọ lè mú aládàáni méjì tí ọjọ́ wọn jìnnà síra dípò márùn-ún.

Ṣé dandan ni juku?

Juku ni lẹ́sìn, yobikō ni ilé lẹ́sìn ńlá fún yunifásítì. Kì í ṣe dandan. Àmọ́ ẹ wo ọjọ́ ọmọ kan tó ń lọ: ó kúrò ní kíláàsì ní aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, ó wà ní ẹgbẹ́ eré bọ́ọ̀lù tàbí orin títí di aago mẹ́fà, ó jẹ búrẹ́dì ní ibùdókọ̀ ojú irin, ó wọ juku ní aago méje, ó jáde ní mẹ́sàn-án ààbọ̀ sí mẹ́wàá, iṣẹ́ àṣetiléwá sì ń dúró dè é nílé. Ìdí tí juku fi wúlò jù fún ọ̀pọ̀ ni yàrá ìkàwé tó dákẹ́ rọ́rọ́ tó wà níbẹ̀, nítorí ilé wọn kéré. Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan lẹ ń wá, láíbìrì àdúgbò wà, ọ̀fẹ́ ni.

"Sun wákàtí mẹ́rin, o yege, sun márùn-ún, o fìdí rẹmi." Ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́?

Kò ṣiṣẹ́ rí. Iléeṣẹ́ ìlera Jàpáànì fúnra rẹ̀ sọ nínú ìtọ́sọ́nà oorun rẹ̀ ti 2023 pé ọmọ girama nílò wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Inú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí ọmọ kà lọ́sàn-án. Ìdánwò oṣù kìíní ń bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ẹni tó ti fi oṣù mẹ́ta kàwé di aago méjì òru á jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú ojú tó ń pọ́n. Ó kéré tán, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, kó máa jí ní aago mẹ́fà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń lo ìbéèrè àtẹ̀yìnwá?

Kakomon ni wọ́n ń pè é. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ọmọ fi pamọ́ títí di ìgbà tó bá "ti kàwé tán". Kò sí ọjọ́ tí èèyàn ń kàwé tán. Kó ṣe ti ọdún kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, ní oṣù keje, bó bá tiẹ̀ gba 20 nínú ọgọ́rùn-ún, kó lè mọ irú ẹran tó fẹ́ dẹ. Láti oṣù kẹwàá, kó máa fi aago ṣe é, lórí ìwé tó tóbi bíi ti ìdánwò. Kó tò àṣìṣe sí mẹ́ta: èyí tí kò mọ̀, èyí tó mọ̀ tí àkókò ò tó, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀. Oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jọra, bẹ́ẹ̀ wọ́n máa ń lo ti ìkíní fún gbogbo rẹ̀. Kó tún èyí tó kùnà ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Kó fi ti ọdún méjì tó sún mọ́ jù sílẹ̀ de oṣù kejìlá.

Fún Gẹ̀ẹ́sì ìpele kìíní, kó má fi àkókò ṣòfò lórí ìbéèrè tó ṣáájú 2021. Nígbà yẹn, wọ́n ń béèrè ìpè ọ̀rọ̀ àti gírámà lọ́tọ̀. Ní báyìí, kíka àyọkà àti gbígbọ́ nìkan ni.

Kí ni ike pupa tí wọ́n máa ń gbé sórí ìwé?

Ó pẹlẹbẹ, ó rí pupa, ó sì mọ́ gaara. Ọmọ á fi bírò aláwọ̀ ọsàn kọ ìdáhùn. Bó bá gbé ike yẹn lé e, ìdáhùn náà á pòórá, ìbéèrè á kù. Tàbí kó fi màkà àwọ̀ ewé kun orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀, ike á sì sọ ọ́ di dúdú. Bírò pupa tó ṣókùnkùn kì í pòórá, ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń ní ó ti bàjẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ojú máa ń há ibi tí ọ̀rọ̀ wà nínú ìwé sórí dípò ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ọmọ á mọ "èyí tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì", bí ẹ bá sì béèrè rẹ̀ níbòmíràn, ó tán. Nítorí náà wọ́n tún ń kọ èyí tó le sórí káàdì kéékèèké tí wọ́n fi òrùka so, kí wọ́n lè dà á rú.

Kí ni kí ọmọ gbé lọ lọ́jọ́ ìdánwò?

Pẹ́ńsù dúdú H, F tàbí HB, ó kéré tán mẹ́fà tí wọ́n ti gbẹ́. Pẹ́ńsù onítẹ̀ wà fún ìṣirò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé nìkan, kì í ṣe fún òbìrí. Irésà. Aago ọwọ́ tó ń sọ àkókò nìkan. Rúlà kò gbọdọ̀ wọlé, kódà pẹ́ńsù tó ní ìlà rúlà lára. Aṣọ tó ní lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tàbí máàpù kò gbọdọ̀ wọlé. Fóònù gbọ́dọ̀ kú pátápátá kó sì wà nínú báàgì. Inú àpò ṣòkòtò kọ́.

Ẹni tó bá pẹ́ lè wọlé títí di ìṣẹ́jú 20, àyàfi gbígbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọn ò ti ń gba ẹni tó pẹ́. Fún ìyẹn, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ kékeré tirẹ̀ pẹ̀lú ohun ìkìbọ́tí. Bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́, kó nawọ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n lè ṣe é fún un lọ́jọ́ náà. Ẹni tó dákẹ́, tó wá ń sọ ọ́ lẹ́yìn ìdánwò, kò rí nǹkan kan ṣe. Yìnyín máa ń dá ọkọ̀ dúró lásìkò yìí, àìsàn fúlúù náà sì ń jà. Ìdánwò ìrọ́pò wà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ní ìdí tó ṣe é fi hàn.

Kí ló dé tí wọ́n ń fún wọn ní Kit Kat?

Ó jọ kitto katsu, "dájúdájú, wà á borí." Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín, katsu, náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ń lọ sójúbọ Sugawara no Michizane, ọ̀mọ̀wé tó kú ní 903 tí wọ́n sọ di òrìṣà ìwé, ní Dazaifu àti Kitano, láti kọ ẹ̀bẹ̀ sórí pákó kékeré. Nínú ilé tí ọmọ ti ń múra ìdánwò, wọn kì í pe "yọ̀" tàbí "ṣubú". Ẹni tó bá mọ bí àwọn àgbà wa ṣe ń fi orúkọ ewé pe ire nínú ọ̀fọ̀ ò ní rí i bí ohun àjèjì.

Bí ọmọ ò bá wọlé ńkọ́?

Ó lè di rōnin, orúkọ jagunjagun tí kò lọ́gàá, kó sì tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó jẹ́ pé máàkì díẹ̀ ló kù kó fi wọlé sábà ń jèrè níbẹ̀. Ẹni tí kò ní ìpìlẹ̀ ń pàdánù ọdún náà bí kò bá padà sí ìwé kíláàsì kìíní ní oṣù kẹrin. Dídá kàwé nílé ló léwu jù, nítorí kò sẹ́ni tó ń rí i bó bá dúró.

Ṣé èèyàn lè wọlé láìṣe ìdánwò oṣù kìíní?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ju ìdajì àwọn tó ń wọ yunifásítì aládàáni lọ ló ń gba ọ̀nà ìdúró ilé ìwé (ilé ìwé á ṣe onídùúró fún ọmọ) tàbí ìyẹ̀wò gbogboogbò, tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kọkànlá. Máàkì kíláàsì láti ọdún kìíní girama àgbà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí yunifásítì bá fún ilé ìwé ní àyè kan tí ọmọ sì gbà á, kò gbọdọ̀ yí padà.

Ṣé wàhálà náà kò ti dín kù, nígbà tí ọmọ ò tó nílùú mọ́?

Ó dín kù fáwọn kan. Ní 1992, àwọn ọmọ ọdún 18 lé ní mílíọ̀nù méjì. Ní báyìí, mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ ni wọ́n. Ju ìdajì yunifásítì aládàáni lọ ni kò kún ní 2023 àti 2024. Ọmọ tó kàn fẹ́ yunifásítì á rí i. Gbogbo ìjà ti kó lọ sí ìṣègùn àti yunifásítì mélòó kan lókè, ibẹ̀ kò rọ̀ rárá.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti ju agbára ọmọ lọ?

Ó lé ní 346,000 ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré tí kò lọ sílé ìwé fún ọgbọ̀n ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọdún ìwé 2023. Ní 2024, akẹ́kọ̀ọ́ 529, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé girama àgbà, ló gba ẹ̀mí ara wọn, iye tó pọ̀ jù láti 1980 títí di ọdún yẹn. Ohun tó fà á kì í ṣe ìdánwò nìkan, ṣùgbọ́n ìṣòro ẹ̀kọ́ àti àníyàn ọjọ́ iwájú wà lára ohun tí ọlọ́pàá ń kọ sílẹ̀. Ìparí ìsinmi, ní ìparí oṣù kẹjọ, léwu jù.

Ẹ wo oorun, oúnjẹ, inú rírun láràárọ̀ ọjọ́ ilé ìwé nìkan, ọmọ tó ń fi èsì pamọ́, tó ń fún èèyàn ní ohun tó fẹ́ràn, tàbí tó ń sọ pé ó sàn kóun má sí. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ ìkẹyìn yẹn, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní tààrà bóyá ó ń ro ikú. Bíbéèrè kì í fi í sí i lọ́kàn. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Láàárín Jàpáànì, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, 0120-0-78310, ń ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru fún ọmọ àti òbí.

Ọmọ Nàìjíríà ńkọ́?

Èyí tó ń ti ilé lọ kì í ṣe Kyōtsū Tesuto. EJU, ìdánwò fún àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tó fẹ́ kàwé ní Jàpáànì, ni tiwọn, ní oṣù kẹfà àti oṣù kọkànlá: èdè Jàpáànì ìṣẹ́jú 125, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí ìmọ̀ àwùjọ ìṣẹ́jú 80 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Jàpáànì, MEXT, ń gba ọwọ́ ẹ́ńbásì wọn ní Abuja.

Èyí tó ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú òbí rẹ̀ ń ṣe ìdánwò girama àgbà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ń gbà kí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ kanji sórí rẹ̀ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọn kì í fi fúnni láìbéèrè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì ní ìpàdé olùkọ́, òbí àti ọmọ kí fọ́ọ̀mù tó jáde. Lọ́jọ́ ìdánwò, ó ti bọ́.